Òjò Ọlọ́pàá

"Mà, wọ́n tún gbé abọ́ wá o."

Sájẹ́ǹtì Lásúnkànmí kò gbójú kúrò lára dígí tó wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìbídùnní Akínlabí, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ èrò fún gbogbo Ìdígbò, rìn wá sẹ́yìn àga rẹ̀, ó tẹrí wálẹ̀, ó wo ohun tí àwọn àwòdì irin tó ń fò lórí ìlú ń rí láti òkè.

Gbàgede ti kún. Àwọn èèyàn ń ya wọlé láti ojú ọ̀nà ọjà, láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, láti àárín àwọn ilé tó há mọ́ra. Nígbà tí ìbínú lórí àìrí omi kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, òkúta ni wọ́n kó wá, àti pákó tí wọ́n kọ èébú sí. Lónìí, kò sẹ́ni tó mú òkúta dání. Báfù ni wọ́n rù, garawa ni wọ́n fà lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì, agbada, ìkòkò tí etí rẹ̀ ti já. Bàbá àgbàlagbà kan ń fi ẹsẹ̀ yí dúrọ́ọ̀mù ńlá kan bọ̀ nílẹ̀. Àwọn obìnrin kan tiẹ̀ ti tẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ sí àárín gbàgede, wọ́n bọ́ bàtà wọn lé e nígun kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

"Wọn ò wá bínú rárá, mà," Sájẹ́ǹtì tún sọ. Ẹ̀rín fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbé e mì nígbà tó rí ojú ọ̀gá rẹ̀. "Òjò ni wọ́n wá gbà."

Ìbídùnní tẹjú mọ́ dígí náà. Ó ti fura sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí òjò ọlọ́pàá rọ̀ tí àwọn kan kò sá, tí wọ́n dúró sójú kan tí wọ́n gbé ojú sókè, tí wọ́n ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

Òun ló ronú kan òjò. Nígbà tó ṣì jẹ́ kọ́ńsítébù, ó wà níbi tí wọ́n ti da tajútajú sáàárín èrò, ó sì rí ọkùnrin kan tó ń fọwọ́ tá ògiri kiri lójú ọ̀sán gangan, tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òfin wá sọ ìbọn àti tajútajú di èèwọ̀ fún ọlọ́pàá níbi tí èrò bá ti pé jọ, tí gbogbo ọ̀gá ń fapá jánú pé ọwọ́ òfìfo kọ́ ni wọ́n fi ń dá ìjà ìgboro dúró, Ìbídùnní ló dìde láàárín wọn. Ó ní òjò kì í ṣẹ́ni lápá. Òjò a máa lé olówó, a máa lé tálákà, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ láìní ẹnikẹ́ni sínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn tí àwòdì àkọ́kọ́ gòkè lọ tú iyọ̀ sínú ìkùukùu, tí òjò sì fọ́n èrò ká ní Ìdígbò láìsí ojú ọgbẹ́ kan, ẹ̀rín tán. Wọ́n fi oyè dá a lọ́lá. Àwọn ìlú mìíràn rán ọlọ́pàá wọn wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí ètò náà ṣe rí kò le. Àwọn àwòdì irin á máa rà bàbà lábẹ́ ìkùukùu, wọ́n á máa retí. Ní Ìdígbò, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́, ohùn Ìbídùnní. Bó bá ti wí pé "Rọ̀," iyọ̀ á tú, kí èèyàn tó bó iṣu kan tán, òjò á ti dé.

"Ìkùukùu ti ń wọ orí gbàgede, mà," Lásúnkànmí sọ. "Ó dúdú dáadáa. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

Ìbídùnní ya ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn àbúrò rẹ̀ ló gba ọkàn rẹ̀.

Gbóyèga ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ní Odò-Àrẹ̀mọ, ní òkè Ìdígbò, níbi tí ìkùukùu tó bá ti ìhà òkun wá máa ń gbà kọjá. Ó pè é lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, láàárọ̀ kùtùkùtù, kò sì kí i tán kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ ìjọba, ẹ bá mi bi wọ́n. Kí ló ń ṣe ìkùukùu wa?"

"Kí ló ṣe é?"

"Tó bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín, á dúdú bí ìdí ìkòkò. A ó máa wò ó, àwọn ọmọ á ti máa hó. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ti funfun bí òwú. Bíi pé ẹnìkan dúró lọ́nà tó ń fún omi inú rẹ̀. Àgbàdo tí mo tún gbìn ti gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi ní ká kó lọ. Níbo la fẹ́ kó lọ?"

"Ojú ọjọ́ ló yí padà," Ìbídùnní sọ fún un. "Gbogbo ayé ló ń ṣẹlẹ̀ sí."

"Ṣé ẹ̀yin ń rí òjò lọ́hùn-ún?"

"Díẹ̀díẹ̀."

Lẹ́yìn tí Gbóyèga gbé fóònù sílẹ̀, Ìbídùnní ṣí àwòrán ojú ọ̀run lórí dígí ilé rẹ̀. Ó fi àwọn ọjọ́ tó ti sọ pé "Rọ̀" wé àwọn ọjọ́ tí ìkùukùu dé Odò-Àrẹ̀mọ lófo. Kò pẹ́ kó tó yé e. Ó pa dígí náà, ó lọ bọ́jú, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Kò pe Gbóyèga padà láti ọjọ́ náà.

"Ìbídùnní." Ojú Kọmíṣánnà Olúgbọ́dì ti yọ lára ògiri. Olú ìlú ló wà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ tóbi débi pé ó dà bíi pé ó wọlé tọ̀ wọ́n wá. Kì í ṣe èèyàn tó ń pariwo. Ojú rẹ̀ rẹ̀, bí ojú ẹni tí ìlú mẹ́ta mìíràn tún ń dúró dè. "Èmi náà ń wò ó. Ìkùukùu ti dé. Kí la ń retí?"

"Ọ̀gá, ẹ wo ọwọ́ wọn. Wọn kò wá jà. Bí mo bá rọ òjò, wọn kò ní lọ. Wọ́n á dúró síbẹ̀ jó. Lọ́la, wọ́n á tún wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó. Bí abọ́ wọn bá kún, wọ́n á gbé e relé. Ilé náà la ní kí wọ́n lọ."

"Òjò yẹn ní ibi tó ń lọ, ọ̀gá. À ń já a gbà lọ́nà ni. Àwọn abúlé tó wà lókè wa ń gbẹ. Mo ti wo àwòrán ojú ọ̀run, kò sí irọ́ níbẹ̀."

"Ta tún lẹ sọ fún?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka ra ìpéǹpéjú rẹ̀. "Ètò méjì lẹ kọ fún mi fún Ìdígbò, Ìbídùnní. Ọwọ́ ara yín lẹ fi kọ ọ́. Òjò ni èkíní. Kí ni èkejì?"

Lásúnkànmí ń wo ìka ara rẹ̀.

Ọ̀pó irin ni èkejì. Wọ́n rì wọ́n mọ́ igun gbàgede mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ga ju ọ̀pẹ lọ. Ọ̀pó oyin ni ará ìlú ń pè wọ́n, nítorí wọ́n gbọ́ pé bí wọ́n bá tan wọ́n, wọn á máa kùn nínú etí èèyàn bí ilé oyin tí wọ́n fi igi rú, títí tí ẹsẹ̀ kò fi ní lè gba ara dúró. Wọn kò tíì tan wọ́n rí ní Ìdígbò. Àwọn olùfẹ́ ń kọ orúkọ ara wọn sí i lára, àwọn ewúrẹ́ ń ha ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ìbídùnní kọ ọ́ sínú ètò nítorí pé ìjọba ní ètò kan ṣoṣo kì í ṣe ètò. Kò rò pé àwọn yóò dé ìdí rẹ̀ láyé.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ lọ. Àmọ́ bí ìkùukùu yẹn bá kọjá láìrọ̀, tí wọn kò sì tíì túká, màá tan oyin. Oyin kò dúró de ohùn yín o."

Lásúnkànmí sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ìdétí méjì sí i, rọ́bà kékeré tí gbogbo ọlọ́pàá ń kì bọ etí, tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé ṣùgbọ́n tó ń dé pinpin fúnra rẹ̀ bí oyin bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Mà, ẹ má gbàgbé etí yín." Ó gbà á, ó kì í bọ etí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó retí ni pé wọn yóò yà fún un, kí wọ́n sì máa wò ó ní ìwò ìkórìíra, bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó bá. Bí wọ́n ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá lára rẹ̀, ariwo ayọ̀ sọ.

"Ìyá Olójò dé o!"

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Olójò! Ẹ rọ̀ ọ́ fún wa!"

Obìnrin kan tó pọn ọmọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bàtà rẹ̀. Ìbídùnní fà á dìde, ṣùgbọ́n ìtìjú ti mú un débi pé kò lè wò ó lójú. Ìyìn tí kò tọ́ síni a máa wúwo ju èébú lọ. Ó ń tọrọ ọ̀nà kọjá láàárín wọn títí ó fi dé ìdí ọ̀pó oyin tó kọjú sí ọjà, níbi tí Ìyá Ràbí jókòó sí lórí garawa tó dojú rẹ̀ dé.

Agbẹ̀bí ni Ìyá Ràbí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tó wà ní gbàgede yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí nígbà tí wọ́n wáyé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó máa sọ̀rọ̀ fún àwọn. Ìbídùnní kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ẹ pẹ́ lónìí. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé."

Ìyá Ràbí wo ìkùukùu, ó wo ojú rẹ̀. "Pẹ̀lú abọ́ òfìfo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo gbẹ̀bí ọmọ kan lánàá," ìyá àgbà náà sọ, bí ẹni tí kò gbọ́. "Omi inú ọ̀rá la fi wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá kan péré. Bàbá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ pé kí n rọra o, kí n rọra, kó lè ṣẹ́kù fún ìyá rẹ̀ láti mu. Ṣé irú èyí ni mo máa ní kó lọ sílé?"

Ìbídùnní wo ẹ̀yìn rẹ̀. Etí àwọn èèyàn kò jìnnà. Ó sún mọ́ ìyá náà títí tí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gèlè ìyá àgbà náà.

"Ìyá, òjò tí à ń rọ̀ fún yín, tiyín kọ́ ni. Ti àwọn ará òkè ni. Bó bá ti rọ̀ níbí, ìkùukùu á ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àgbàdo wọn ti kú. Wọ́n ti ń kó kúrò nílé."

"Ta ni àwọn ará òkè?"

"Odò-Àrẹ̀mọ. Àtàwọn abúlé tó yí i ká."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kò tíì pẹ́, mà."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Àbúrò mi ń gbé ibẹ̀. Òun ló pè mí."

Ìyá Ràbí mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bínú, kò sì pariwo. "Ká ní kì í ṣe àbúrò yín ńkọ́?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwòrán ojú ọ̀run ti wà níwájú Ìbídùnní láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì jẹ́ ṣí i wò.

"Ẹ sọ wá di olè," ìyá náà sọ, "a ò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń jalè."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí wọn kò bá lọ, àwọn ọ̀gá mi máa tan oyin."

"Mi ò lè ní kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í gbọ́ 'máa lọ'. Ṣùgbọ́n mo lè sọ òótọ́ fún wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó."

"Ìyá, ẹ má sọ ọ́. Wọn ò tíì fún mi láyè láti..."

"Ta ni 'wọn'?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìbídùnní. Ó ronú kan ojú Kọmíṣánnà tó tóbi lára ògiri. Ó wo obìnrin tó pọn ọmọ, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i láti ọ̀ọ́kán.

"Ó dáa," ó sọ. "Ẹ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí gbogbo wọn jókòó sílẹ̀. Òfin wa ni pé ẹni tó bá jókòó, ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Bí wọ́n bá ti jókòó, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n."

Ìyá Ràbí na ọwọ́, Ìbídùnní fà á sókè, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gun orí garawa. Ohùn tó fi ń gba aboyún níyànjú láti ọdún gbọ́ọrọ ló fi ké sí wọn, kò sì nílò ẹ̀rọ kankan.

"Ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ jókòó. Gbogbo yín, ẹ jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí ìdúró kò lè gbà."

Wọ́n jókòó. Ó sọ ọ́ fún wọn bí Ìbídùnní ti sọ ọ́ fún un, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ariwo sọ. Ọkùnrin kan tó gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà dìde, ó ní kí ló kàn àwọn, ó ní ojú ọ̀run kò ní olówó, ẹni tí òjò bá bá nílé ló ni ín. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan láàárín wọn wá bú sẹ́kún, ó ní abúlé kan nítòsí Odò-Àrẹ̀mọ ni wọ́n sin ìyá òun sí, òun sì ti ń gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán, òun kò mọ̀ pé nínú ìkòkò òun ni omi rẹ̀ wà. Wọ́n ń jiyàn. Ìkùukùu ń kọjá lórí wọn bí wọ́n ti ń jiyàn, òjìji rẹ̀ ń wọ́ lọ lórí báfù àti orí àti ọ̀rá, òórùn òjò sì gba gbogbo gbàgede. Ẹ̀kán bíi mélòó kan tiẹ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ na abọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá tó yí dúrọ́ọ̀mù wá nìkan ni kò na nǹkan kan. Ó jókòó ti dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ó gbé orí sókè.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ó sọ. "Ẹ jẹ́ kó lọ jíṣẹ́ tí wọ́n rán an."

Kò pariwo sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì tún un sọ fún àwọn tó jìnnà. Àwọn abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọkùnrin oníkẹ́ẹ̀gì náà dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun náà jókòó. Gbogbo wọn wá yíjú tẹ̀ lé ìkùukùu náà bó ti ń ré orí òrùlé ọjà kọjá lọ sí ìhà òkè, bí ẹni ń sin àlejò dé ẹnu odi.

Ìbídùnní dúró láàárín wọn, omi lé ròrò sí i lójú. Nínú gbogbo ètò tó ti kọ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ètò ibi tí a ó ti dí ọ̀nà, ètò ibi tí a ó ti ṣí i, ètò òjò, ètò oyin, kò sí èyí tó ti kọ ọ́ pé: ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Kò rò pé ó ṣeé ṣe.

"Ìkùukùu ti kọjá, Ìbídùnní." Ohùn Kọmíṣánnà ni, nínú ẹ̀rọ tó so mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Wọ́n ti gbọ́, ọ̀gá! Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Ẹ fún wọn láyè díẹ̀, wọ́n á lọ fúnra wọn."

"Kí lẹ bá wọn sọ?"

Ìbídùnní wo Ìyá Ràbí lórí garawa.

"Ẹ ti sọ fún wọn," Kọmíṣánnà sọ. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé inú rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́. "Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe? Lọ́la, gbogbo abúlé òkè máa gbọ́ pé ọlọ́pàá ló ń mu òjò wọn. Ìlú mélòó ni mo fẹ́ fi òjò dá dúró lẹ́yìn èyí? Mi ò lè jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí jókòó síbẹ̀ máa sọ ọ́ fún ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Wọ́n jókòó, ọ̀gá. Òfin ní ẹni tó bá jókòó, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ohùn kò ní ọwọ́, Ìbídùnní."

Ó fẹ́ kígbe. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n sá. Ṣùgbọ́n ìdétí rẹ̀ ti dé pinpin, ó sì mọ̀ pé oyin ti bẹ̀rẹ̀.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ló burú jù. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ti rí i tí gbogbo ẹnu ya lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí i tí ọwọ́ lọ sí etí, tí báfù ń yí gbirigbiri láìdún, tí àwọn tó gbìyànjú láti dìde ń wó padà lé ara wọn bí ẹni tí ọtí pa. Obìnrin tó pọn ọmọ ti tú ọ̀já, ó ti ká ara rẹ̀ lé ọmọ náà lórí. Gbogbo wọn, orí ìjókòó ni ó bá wọn. Ká ní ìdúró ni wọ́n wà, àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ìbá ti sá dé ọjà.

Ìyá Ràbí wà ní ìdí ọ̀pó gan-an. Ó ti já bọ́ lórí garawa. Ó wà lórí eékún rẹ̀, ó dijú, ó na ọwọ́ kan síwájú, ó ń wá ẹni tó máa dì mú. Ìbídùnní rí ọwọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè sí etí ara rẹ̀, ó di ìdétí náà mú. Bó bá yọ ọ́, tó kì í bọ ìyá náà létí, òun ni oyin yóò mú. Ó mọ ohun tí oyin ń ṣe. Òun ló ka ìwé rẹ̀, òun ló kọ bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó wá di ìyá náà mú, ó fà á, ó wọ́ ọ kúrò ní ìdí ọ̀pó bó ti lè ṣe é tó. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ́ ọ dé ibi tó jìnnà, wọ́n ti pa oyin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Kò sí ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá sọ ọ́ ní gbogbo ilé ìròyìn, òótọ́ sì ni. Kọmíṣánnà pè é lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kò ní torí àṣírí tó tú fìyà jẹ ẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni lè ṣe àṣìṣe nígbà tí àánú bá wọ̀ ọ́. Ó ní kó sinmi. Ìbídùnní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń dúpẹ́. Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òun nìkan ló jókòó sí yàrá rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Gbóyèga pè. Kò tíì gbé fóònù sétí tán tó fi gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ó rọ̀ o! Ó rọ̀ débi pé odò kún! Láti àná ni mo ti ń pè yín tí kò wọlé. Ìyàwó mi ti tú ẹrù tó dì. Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́ wọn!" Ó na fóònù síta kó lè gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bá wa sọ̀rọ̀ níbi kan. Ẹ má sẹ́ o. Olúwa á bá wa san án fún yín."

"Àmín," Ìbídùnní sọ. Ohun tó rí sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó wọ bùbá àti ìró, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan láti bárékè, ó sì bèèrè ọ̀nà dé ilé Ìyá Ràbí. Ilé kékeré ni, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ, páànù ni wọ́n fi bò ó. Aládùúgbò kan tó jókòó níta wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó dá a mọ̀, ó sì gbé ojú kúrò. Ó ní ọmọ Ìyá Ràbí lọ tò sídìí tánkà omi. Ó ní kó wọlé bó bá wù ú, ìyá kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ náà.

Orí ẹní ni ìyá náà dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n fi aṣọ tútù bò ó lójú, nítorí bó bá ṣí ojú, gbogbo ilé á máa yí. Ìbídùnní gbé kẹ́ẹ̀gì omi náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní. Ó ti ro ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti ilé, ó ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe máa ń to ètò.

"Ìyá, èmi ni. Ìbídùnní. Mo wá bẹ̀ yín." Ó dúró. "Mo sọ fún yín pé ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú lóòótọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n mo ní nǹkan lọ́wọ́ tí ǹ bá fi..."

Ìyá náà kò mira rárá. Ìbídùnní tún un sọ, ó gbé ohùn sókè. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Aládùúgbò tó wà níta wúkọ́. Ìbídùnní wá rí i pé gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun, àyàfi ẹni tí òun ń bẹ̀.

Ó fi ọwọ́ lé ọwọ́ ìyá náà. Ìyá Ràbí ta gìrì, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ náà mú, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra á jẹ́jẹ́.

"O ti dé, Àbíkẹ́?" Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló pè. Ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ti yẹ lọ, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. "Ṣé o rí omi? Tí o ò bá rí i, má dààmú. Kí lo fẹ́ fi omi tánkà ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka sókè sí òrùlé. "Ó ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ó ń rọ̀ lórí páànù gbàà, kò dá. Mo ti ń gbọ́ ọ kí o tó lọ. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?"

Ìbídùnní gbé ojú sókè. Oòrùn ń yọ ojú láti inú àwọn ihò kéékèèké inú páànù. Ní ìta, eruku ń fò lórí ilẹ̀ tó gbóná.

Ó ya ẹnu láti sọ fún un pé kò sí òjò, pé oyin ló ṣì ń kùn létí rẹ̀, ó sì rántí pé kò wúlò. Ó lè mi orí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i? Ó lè fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, kí ìyá náà mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ òun kọ́. Kò fà á yọ.

"Àbíkẹ́," ìyá náà tún sọ, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, bí ìyá ṣe ń rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. "Má jókòó tì mí. Aṣọ wà lórí okùn lẹ́yìn ilé. Sáré lọ ká wọn wọlé, kí wọ́n má baà tutù jù."

Ìbídùnní dìde. Ó gba ẹ̀yìn ilé jáde sínú oòrùn. Aṣọ bíi mẹ́fà ló wà lórí okùn, ìró méjì, tówẹ̀lì, aṣọ agbẹ̀bí funfun kan tó ti pọ́n, gbogbo wọn ti gbẹ, wọ́n gan bí ewé tí iná rà. Aládùúgbò náà ti dìde láti wá wo ohun tó fẹ́ ṣe. Ìbídùnní kò wò ó. Ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, kíákíá, bí ẹni tí òjò ń lé.